Àáfà Ni Ẹni Tó Kọ́kọ́ Béèrè

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo yín gbé. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó fi ahọ́n kan ṣoṣo sẹ́nu wa, tó wá fi etí méjì sí ẹ̀gbẹ́ orí wa, ká lè máa gbọ́ ju bí a ṣe ń sọ lọ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ánọ́bì wa, ẹni tí wọ́n máa ń bi léèrè, tó máa ń dúró de ìdáhùn láti òkè.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wé láwàní fún ọmọ wa yìí. Mi ò ní pẹ́. Ìrẹsì wà lórí iná, mo sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tòní kò gùn. Ẹni tí a bá ń pè ní àáfà, ọ̀ranyàn ni fún un kó béèrè kó tó dáhùn, kó sì lè la ẹnu sọ pé "mi ò mọ̀" níbi tí kò bá ti mọ̀. Tiwa tí à ń pè é ní àáfà náà wà níbẹ̀: ká jẹ́ kó rí àyè sọ ọ́. Ó tán. Ìtàn ló kù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Kí ni ìtumọ̀ àáfà? Bàbá tó dé fìlà pupa, ẹ gbà mí.

"Ẹni tó ń kírun fún wa."

Lémọ́ọ̀mù nìyẹn. Ìyá ọ̀hún ńkọ́?

"Ẹni tó ń ṣàdúrà."

Èmi náà ń ṣàdúrà, ẹ ò pè mí ní àáfà rí.

"Ẹni tó ń jẹ ẹran sàárà!"

Ta ló sọ̀yẹn? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa o, àwọn tọ́rọ̀ kàn wà níwájú níbí, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Bàbá tó kọ́ mi ní ìwọ̀nba kéwú tí mo mọ̀ sọ fún wa pé àwọn oníṣòwò tó ń ti ọ̀nà Mali àti ilẹ̀ àwọn Sóńgáì bọ̀ ló gbé e wá, lọ́jọ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣì ni ọkọ̀ ẹrù. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, álífà ni wọ́n ń pe ẹni tó kàwé ẹ̀sìn. Ó bọ́ sẹ́nu àwọn bàbá wa, ó di àlùfáà. Ó tún bọ́ sẹ́nu àwa tí a ò ní sùúrù, ó kúrú, ó di àáfà. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ yí Bíbélì sí èdè wa, àwọn náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà dáa, wọ́n mú un fún tiwọn. A ò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ tó dáa kì í gbé ilé kan ṣoṣo.

Níbo ni àwọn Sóńgáì tọ̀hún wá ti rí i? Ibẹ̀ ni ẹnu ò ti kò. Àwọn kan ní láti inú Lárúbáwá ni, al-fakíìhì, ẹni tí òfin ẹ̀sìn yé. Àwọn mìíràn ní rárá o, al-fáhímù ni, ẹni tó ní òye. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Òye! Wọn ò dárúkọ láwàní níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ agbádá, wọn ò dárúkọ tẹ̀súbà gígùn tó ń wọ́lẹ̀. Òye nìkan ni.

Ọmọ ta ló ń ké yẹn? Ìyá rẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá? Ẹ gbé e fún ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó fi ọmú tàn án. Ẹ̀hẹ́n. Ẹ ò rí i? Ó ti dákẹ́. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ rí yẹn o. A máa padà síbẹ̀.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Èmí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Súfíyánù. Kékeré ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní ìlú kejì láti kéwú. Bàbá Bàrúwà ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà. Ibẹ̀ ni Súfíyánù dàgbà sí, láàrin wàláà àti ọkùnrin bíi tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó padà wá sí Ìdí-Èmí, Àlùkùránì ti wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn obìnrin máa ń dá ọlọ dúró láti gbọ́ ọ. Wọ́n wé láwàní fún un, funfun báláú bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wọ́n ń pè é ní Àáfà láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé. "Àáfà, ẹ káàárọ̀ o." "Àáfà, ẹ bá wa dá sí i." Àgbàlagbà tó tó bí i lọ́mọ náà ń kúnlẹ̀ kí i.

Orúkọ yìí dùn létí o! Ó dùn débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan wọ́n á bi í ní nǹkan, kò ní mọ̀ ọ́n, orúkọ náà á já bọ́ lára rẹ̀ bí ìró tí wọn ò ró dáadáa. Ẹ má bá mi bú u. Ta ni irú ẹ̀rù yẹn ò bà rí níbí?

Ní ìlú yìí kan náà ni ìyá kan wà, Ìyá Àgbà Sénábù. Ọmọ rẹ̀ tó bí gbẹ̀yìn ń jẹ́ Lásísì. Lásísì bí Múdáṣírù, ọmọkùnrin tó wá di káfíńtà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wọn àti ilé bàbá kan tó ń jẹ́ Rájí, Rájí sì bí ọmọbìnrin kan, Háwáù. Ìyá Háwáù ń ta ìkòkò amọ̀ lọ́jà oko. Ẹ mọ ẹrù ìkòkò, kò ṣe é rù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀, ọjà ti fọ́. Torí náà, láràárọ̀ ni ó ń gbé Háwáù gba orí ògiri fún Ìyá Àgbà Sénábù. Ìyá Àgbà á pọ̀n ọ́n, á fún un lẹ́kọ mímu, bó bá ń ké jù, á gbé ọmú sí i lẹ́nu. Múdáṣírù nígbà yẹn ti ń rìn, òun ló ń bá wọn lé adìyẹ kúrò nídìí ẹ̀kọ.

Àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà, ọ̀rọ̀ wọn wọ ara wọn. Múdáṣírù kan àpótí ìjókòó fún Háwáù, ó gbẹ́ òdòdó sí ìdí rẹ̀ níbi tí ẹnì kankan ò lè rí i àfi ẹni tó ni ín. Àwọn òbí gbọ́, inú wọn dùn. Wọ́n dájọ́ ìtọrọ, wọ́n sì pe Àáfà Súfíyánù kó wá ṣàdúrà, kó sì mú ọjọ́ yìgì fún wọn.

Ọjọ́ yẹn, ilé Rájí kún. Wọ́n ti gbé oyin àti obì sílẹ̀, Àáfà ti fẹ́ tẹ́ ọwọ́ àdúrà. Bí Ìyá Àgbà Sénábù ṣe dìde nìyẹn, inú rẹ̀ dùn, ó di ìdí mú, ó ń jó láìsí ìlù. Ó ní, "Háwáù tèmi! Ọmú mi yìí ló fi dàgbà! Ọmú tó tọ́ bàbá ọkọ, òun náà ló rẹ ìyàwó lẹ́kún!"

Àwọn obìnrin hó yèè. Ṣùgbọ́n Àlàájì Bùsárí, tó jẹ́ Bàbá Àdínnì mọ́sálásí wọn, na ọrùn. Ó ní, "Àáfà, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá wí? Ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Àáfà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àáfà mọ ìwé. Ó mọ̀ pé nínú Súrà Nísáì, Ọlọ́hun ka ìyá tó fún ni lọ́mú mọ́ àwọn tí a ò gbọ́dọ̀ fẹ́, Ó sì ka àwọn tí a jọ mu ọmú kan náà mọ́ wọn. Òótọ́ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ kò ju pé, "Ẹ fún mi láyè, kí n bi Màmá." Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ lára rẹ̀, láwàní sì wúwo. Ó rò ó pé bí òun bá béèrè, wọ́n á ní òun ò mọ̀.

Ó gbóhùn sókè. Ó ní, "Harámù ni. Ẹni tó bá mu ọmú ìyá kan ti di ọmọ ìyá náà. Háwáù ti di àbúrò Lásísì, àbúrò bàbá ló sì jẹ́ fún Múdáṣírù. Yìgì ò lè so láàrin wọn láéláé."

Ẹnì kan kígbe "Yéè!" nínú yàrá, ìyá Háwáù ni. Ìyá Àgbà Sénábù dúró sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìdí níbi tó ti ń jó. Ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ nǹkan. Lásísì ọmọ rẹ̀ fà á láṣọ.

"Màmá, ẹ dákẹ́. Èyí tí ẹ sọ ti tó."

Ó pa ẹnu dé. Wọ́n gbé obì, wọ́n gbé oyin, wọ́n gbé e padà gba ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ẹ mọ ẹnu ìlú. Bí Múdáṣírù bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Múdáṣírù, àbúrò bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé o ti dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ yìí?" Káfíńtà tó máa ń kọrin sí ìṣó wá ń kan ìṣó bí ẹni ń bá a jà. Háwáù ò gba orí ògiri mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùn mí jù ni Ìyá Àgbà. Ó mú ọ̀já, ó fi di àyà ara rẹ̀ pinpin. Bí wọ́n bá gbé ọmọ fún un, á ní, "Ẹ gbé ọmọ yín lọ o. Ọmú mi ti tú ilé ká." Ó pàdé Háwáù nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ yẹn. Ẹ gbọ́ o, ìyá àgbà ló kúnlẹ̀!

"Háwáù, dárí jì mí."

"Ẹ dìde o, Ìyá! Kí lẹ ṣe? Oore lẹ ṣe mí."

"Oore tó di yìí?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún, garawa wọn kún, omi ń ṣàn dànù, ẹnikẹ́ni ò rántí pa ẹ̀rọ.

Rájí ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí ọmọ òun di ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́, wọ́n rí Àlàájì Gàníyù, aláṣọ kan ní ìlú kejì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n mú Jímọ̀ọ̀ kan, wọ́n ní lẹ́yìn ìrun ni yìgì. Háwáù ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó gbà.

Ẹ wá wò ó bí Ọlọ́hun ṣe ń kọ́ ẹrú Rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì yẹn, Rúkáyà ìyàwó Àáfà bí àkọ́bí wọn. Ìyá Rúkáyà wá wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, Rúkáyà wà nílé ìwẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá ìyàwó gbé ọmú sí i lẹ́nu. Àáfà wọlé, ó rí i, ó pariwo.

"Ìyá! Ẹ yọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́! Ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di àbúrò ìyá ẹ̀!"

Ìyá yìí kọ́kọ́ wò ó bóyá ara rẹ̀ yá. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ọmú fi yọ lẹ́nu ọmọ.

"Àáfà, ọmú wo? Kànga yìí ti gbẹ kí n tó mọ̀ yín. Ọmọ ò mu nǹkan kan. Mo ń tàn án ni títí ìyá ẹ̀ á fi jáde. Ṣé ìyá tiyín ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín ni?"

Ilé-kéwú ni Àáfà dàgbà sí. Ta ló máa fi irú rẹ̀ hàn án níbẹ̀?

Ó rọra béèrè, "Ṣé gbogbo ìyá àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Àáfà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Rúkáyà gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó tutù. Ohun tó ń rí kò ju ẹnu Ìyá Àgbà Sénábù lọ, bó ṣe là á lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ní kó pa á dé.

Ó dìde lọ bá Àlàájì Bùsárí. Bùsárí gbọ́ ọ, ó mi orí. "Àáfà, ẹ fi bò. Ẹ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú. Tí ẹ bá yí i padà, ẹni tó bá bi yín lọ́la ò ní gbà yín gbọ́. Ọmọ náà ń lọ sílé ọkọ gidi. Ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ní kọ́lọ́fín, kó tán." Ẹ má pe Bùsárí ní èèyàn búburú o. Orúkọ mọ́sálásí ló ń ṣọ́. Àmọ́ ṣé orúkọ mọ́sálásí ló ń lọ sílé ọkọ tí kò fẹ́, àbí Háwáù?

Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀ náà gan-an, Àáfà gun ọ̀kadà, ó forí lé ọ̀dọ̀ Bàbá Bàrúwà. Arúgbó náà ń yá oòrùn lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Súfíyánù dọ̀bálẹ̀, ó rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò yọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, tí ọmọ bá fa ọmú tí kò sí wàrà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí kò jáde, báwo ni yóò ṣe wọlé? Wàrà ló ń sọ wọ́n di ìyá àtọmọ, kì í ṣe awọ ara."

"Háà! Yìgì wọn lè so nìyẹn!"

"Mi ò mọ̀."

Súfíyánù gbé orí sókè. "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ ò mọ̀?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Wàrà wà níbẹ̀ o, wàrà ò sí níbẹ̀ o, ta ló sọ fún mi? Kí ni ìyá náà wí?"

"Mi ò bi í, Bàbá."

"Ta lo wá bi?"

"Mi ò bi ẹnì kankan."

Bàbá Bàrúwà fa tẹ̀súbà díẹ̀. "Súfíyánù, kí ni mo kọ́ ọ pé ó wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́?"

"Ẹ ní òye ni."

"Ìwé sọ òfin fún ọ, o ṣe é re, o gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìwé ò mọ Sénábù. Sénábù ló mọ Sénábù. Ìgbà tí òfin bá pàdé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ ni òye tó dé. Kó tó dìgbà yẹn, akéwú ni ọ́, o ò tíì di àáfà. Dìde. Mú àwọn àgbà obìnrin tó mọ̀ ọ́n dání, torí ọ̀rọ̀ ọmú, obìnrin kì í sọ ọ́ láàrin ọkùnrin. Bó bá ní wàrà wà níbẹ̀, ẹjọ́ rẹ dúró, kò sẹ́ni tó máa bá ọ yí i. Bó bá ní kò sí, o mọ ohun tó kàn ọ́."

"Láwàní mi ńkọ́, Bàbá?"

"Aṣọ ni. Bó bá dọ̀tí, fọ̀ ọ́."

Nígbà tí Àáfà fi dé Ìdí-Èmí, wọ́n ti kírun tán, èrò ti ń wọ́ lọ sílé Rájí. Kò lọ síbẹ̀. Ó mú ìyá méjì tó ti ń bá Ìyá Àgbà Sénábù gbé ládùúgbò láti ìgbà èwe, Ìyá Ràbí àti Ìyá Kúbúrá, ó wọlé tọ Ìyá Àgbà lọ. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò fẹ́ gbọ́ ariwo ọjọ́ yẹn. Àáfà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wá ẹní.

"Ìyá, ọjọ́ tó yẹ kí n bi yín, mi ò bi yín. Mo wá bi yín lónìí. Nígbà tí ẹ ń gbé ọmú sí Háwáù lẹ́nu, ṣé wàrà wà nínú ẹ̀?"

Ìyá Àgbà yí padà. "Wàrà? Àáfà, Lásísì ni mo bí gbẹ̀yìn! Lásísì ti di bàbá ọmọ nígbà yẹn. Níbo ni wàrà á ti wá? Àpò òfìfo ni!"

Ìyá Ràbí ní, "Gbogbo wa la jọ ń ṣe é."

Ìyá Kúbúrá ní, "Bó bá jẹ́ pé wàrà wà níbẹ̀ ni, a ò bá ti tà á."

Àáfà fi ọwọ́ bo ojú. "Ìyá, kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

Ìyá Àgbà wò ó. Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló bi mí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo rí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ta ló bi mí? Mélòó nínú wa ni wọ́n ti dá lẹ́jọ́, tí ẹnì kan ò bi?

Àáfà dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Nílé Rájí, lémọ́ọ̀mù ti mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Àáfà tọrọ rẹ̀. Àlàájì Bùsárí ń mi orí fún un láti ẹ̀gbẹ́: má ṣe é, má ṣe é. Ó ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, èmi Súfíyánù ni mo ní Háwáù àti Múdáṣírù ò lè fẹ́ra. Mo dáhùn kí n tó béèrè. Mo ṣì í. Ọmú tí kò ní wàrà ni, Màmá fi ń tàn án ni. Kò sí harámù kankan láàrin wọn."

Ariwo sọ. Rájí dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ọmọ tèmi lo fi ń kọ́ṣẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó tọ́ kí ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Háwáù ni yóò jìyà àìbéèrè mi."

Ẹnu ń lọ, ẹnu ń bọ̀. Àlàájì Gàníyù tó wá gbé ìyàwó dìde láàrin wọn. Ó wá ní, "Ẹ bi ọmọ náà."

Ẹ mọ àṣà wa. Bí wọ́n bá bi wúńdíá léèrè lọ́jọ́ yìgì, tó bá dákẹ́, ó gbà nìyẹn. Wọ́n rán ìyá kan sí yàrá. Ìyá náà ò tíì dé ẹnu ìlẹ̀kùn tí ohùn Háwáù fi gba ojú fèrèsé jáde. Ó ní, "Múdáṣírù ni mo fẹ́! Ẹkún ni mo ti ń fi sọ ọ́ látijọ́ yìí, ẹ ní mo dákẹ́."

Àlàájì Gàníyù gbọn agbádá. "Àlàhámúdù lílláhì. Ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ wà nílé káfíńtà, kí ni aláṣọ fẹ́ fi ṣe? Ẹ gbé oúnjẹ wá. Ọ̀nà tí mo rìn jìn." Ẹ̀rín sọ. Mo ní èèyàn dáadáa ni, ẹ ò gbà mí gbọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Inú Rájí pẹ́ kó tó rọ̀; òjò ọdún yẹn ti dá kó tó jẹ́ kí wọ́n so yìgì Háwáù àti Múdáṣírù. Àwọn kan sì kúrò lẹ́yìn Àáfà, wọ́n ń gbé ìsọmọlórúkọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn ún. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà. Obìnrin kan ló sọ ìdí rẹ̀: "Ẹni tó bá lè sọ pé òun ṣì í, ọjọ́ tó bá ní òun ò ṣì í, mo lè fọkàn balẹ̀."

Nígbà tó yá, Háwáù bímọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n pe Àáfà Súfíyánù. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà tí wọ́n ń ṣàdúrà, bíi ti èyí tó ń ké níbí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e fún Ìyá Àgbà Sénábù. Ìyá Àgbà ti tú ọ̀já àyà rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ó di ọmọ mú, ó mú etí bùbá rẹ̀, ó wá dúró. Ó wo Àáfà láàrin àwùjọ. Ó ní, "Àáfà, ṣé kí n tàn án?"

Àáfà sọ àdúrà kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kànga ńkọ́?"

"Ó gbẹ, Àáfà!"

"Ẹ tàn án, Ìyá wa."

Wọ́n ní ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà lọ́jà gbọ́ ọ.

Ìwọ ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún, sún mọ́ mi. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ máa pè ọ́ láti òní lọ ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ti rin aṣálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Má jẹ́ kó já sí asán nílé tiwa. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀, wádìí kí o tó sọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀, kò sí ẹni tó máa já láwàní lórí rẹ. Ẹ̀yin èèyàn náà, bó bá ní òun ò mọ̀, ẹ má ṣe wo ojú ara yín. Ẹ sọ pé, "Àáfà ni lóòótọ́." Àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fa ìyá yín láṣọ pé kó dákẹ́, mo ti rí yín.

Ọlọ́hun Ọba tó mọ ohun tó wà nínú ọmú àti ohun tó wà nínú ọkàn, fún wa ní ẹnu tó ń béèrè àti etí tó ń dúró gbọ́. Ẹni tí a ti fi ìkánjú dá lẹ́jọ́, bá wa dá a láre. Ẹni tó ti ṣì í, fún un lẹ́sẹ̀ tí yóò fi padà. Má fi orúkọ tó ju òye wa lọ dán wa wò. Àmín, àmín.

Ó yá, ẹ wé e fún un. Ẹ má fún un jù o, kí etí rẹ̀ ṣì lè máa gbọ́ràn.